Àlùwàlá Ẹ̀rọ Amúlétutù

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ ìjọ wa tí ẹ máa ń dá mi dúró lẹ́yìn ìsìn, tí ẹ ń bi mí pé irú iṣẹ́ wo ló dáa láti kọ́ ní Joburg yìí, ẹ fìdí kalẹ̀. Mo ti fi iṣẹ́ sílẹ̀ ní ọdún 2010 yìí. Orúnkún mi ló ní kí n fi í sílẹ̀, kì í ṣe èmi, torí náà mo ráyè. Iṣẹ́ ẹ̀rọ amúlétutù ni mo fi gbogbo ayé mi ṣe, òun ni ẹ̀yin ń pè ní éésì, tí àwọn ará ibí ń pè ní aircon. Ẹni tó bá ń retí pé kí n sọ bí mo ṣe di olówó, kó tètè dìde kó máa lọ. Iṣẹ́ náà bọ́ mi, ó rán ọmọ mi níwèé, ọ̀rọ̀ owó parí síbẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ sọ ni bí iṣẹ́ yìí ṣe kọ́ imú mi ní òórùn, àti ọjọ́ tí imú náà fẹ́rẹ̀ẹ́ já mi kulẹ̀, nígbà tí ẹ̀mí ọmọ tuntun kan àti iyì ìyá àgbà kan jọ wà nínú ewu.

Iléṣà ni wọ́n bí mi sí. Nígbà tí bàbá mi rí i pé ìwé kò fi bẹ́ẹ̀ wù mí, ó mú mi lọ sí Ìbàdàn, sọ́dọ̀ ọkùnrin kan tó ń tún fíríìjì àti éésì ṣe. Ọ̀gá Rájí ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Mùsùlùmí òdodo ni, ó pupa, ó tínínrín, kò sì sí ọjọ́ tí aṣọ iṣẹ́ rẹ̀ kì í mọ́. Bàbá mi ní, "Ọ̀gá, tó bá yẹ ní nínà, ẹ bá mi nà án o." Ọ̀gá Rájí wò mí láti òkè délẹ̀, ó ní, "Èmi kì í na ọmọ ọlọ́mọ. Iṣẹ́ fúnra rẹ̀ á nà án."

Bẹ́ẹ̀ náà ló rí. Fún ọ̀pọ̀ oṣù, n kò fọwọ́ kan sípánà. Asẹ́ ni mò ń fọ̀, nǹkan pẹlẹbẹ tó wà lẹ́nu ẹ̀rọ, tó ń sẹ́ eruku kúrò nínú atẹ́gùn. Mo fọ asẹ́ títí èékánná mi fi funfun. Tí mo bá ní mo ti ṣe tán, Ọ̀gá á yọ áńkáṣíìfù funfun kan lápò, á fi nu asẹ́, á fi nu inú ẹ̀rọ níbi tí fáànù wà, á wá na áńkáṣíìfù náà sí mi lójú. "Aṣọ funfun kì í bá èèyàn purọ́," bó ṣe máa ń wí nìyẹn. Bí aṣọ náà bá dúdú, kò ní pariwo. Tó bá di àkókò oúnjẹ ọ̀sán, á tẹ́ aṣọ yẹn síwájú mi, á gbé búrẹ́dì mi lé e lórí, á ní, "Jẹun. Ohun tí o ní ó mọ́ tó kí oníbàárà fà á símú, ó mọ́ tó kí ìwọ náà jẹ ẹ́." Ọ̀pọ̀ ọ̀sán ni ebi pa mí lórí aṣọ yẹn kí ọwọ́ mi tó mọ́.

Ohun kejì tí ọ̀gá mi kì í fi ṣeré ni imú. Kó tó tú ẹ̀rọ èyíkéyìí, á kọ́kọ́ lọ sídìí omi, á fa omi símú, á fín in jáde, bí ìgbà tó bá ń ṣe àlùwàlá. Ẹ̀yìn ìyẹn ni á tan ẹ̀rọ, á sì gbé imú sẹ́nu rẹ̀. Àwa ọmọṣẹ́ náà gbọ́dọ̀ ṣe bẹ́ẹ̀, Mùsùlùmí o, Kìrìsìtẹ́nì o. Lọ́jọ́ kan mo ní kí n fi ọgbọ́n yẹ̀ ẹ́ sílẹ̀, mo ní, "Ọ̀gá, ọmọ Aládùúrà ni mí o."

Ó ní, "Ta ló ní kí o wá kírun? Imú tí o gbé wá látilé, òórùn ilé yín ló kún inú ẹ̀. Fọ̀ ọ́ nù kí o tó máa gbóòórùn ilé onílé."

Ó gbà pé ẹ̀rọ náà ń fẹ́ àlùwàlá bí èèyàn. Éésì máa ń làágùn, ẹ̀yin ọmọ. Nígbà tó bá ń mú ilé tutù, omi á máa sẹ̀ sára àwọn irin tẹ́ẹ́rẹ́ inú rẹ̀, á máa kán sínú àwo kékeré kan nísàlẹ̀, á sì gba páìpù jáde síta. Bí omi náà bá rí ọ̀nà lọ, kò sí wàhálà. Bí kò bá rí ọ̀nà lọ, tí eruku wà níbẹ̀, tí òkùnkùn sì wà níbẹ̀, inú ẹ̀rọ á bu, gẹ́gẹ́ bí búrẹ́dì tí a gbàgbé sínú ọ̀rá ṣe máa ń bu. Á kọ́kọ́ yọ àmì dúdú tíntìntín, á wá hu irun, á wá máa yọ̀. Fáànù á sì máa fẹ́ gbogbo rẹ̀ sí yín nímú. Bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò lè wọ ibẹ̀.

Nígbà tí mo ṣe fírídọ̀mù, àwọn ẹgbẹ́ mi gba irinṣẹ́ lọ́wọ́ ọ̀gá wọn. Áńkáṣíìfù funfun ni Ọ̀gá Rájí fún mi. Inú bí mi lọ́jọ́ náà, mi ò ní purọ́ fún yín. Mo kọrí sí Èkó, mo ṣiṣẹ́ ní ilé ẹja dídì títí ọwọ́ mi fi ń rùn bí òkun, kó tó di pé ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi pè mí wá sí Johannesburg. Mo kọ́ bí wọ́n ṣe ń pe iná ojú pópó ní róbọ́ọ̀tì. Mo kọ́ bí wọ́n ṣe ń sọ "shap" tí ọ̀rọ̀ bá ti wọ̀. Mo tún ẹ̀rọ ṣe káàkiri, ní àwọn ọ́fíìsì Braamfontein, ní ṣọ́ọ̀bù Newtown, ní ilé àwọn tó rí jájẹ ní Soweto. Bí a bá ń gúnyán nínú odó, bí a bá ń sebẹ̀ nínú èèpo ẹ̀pà, ẹni tó máa yó á yó.

Irinṣẹ́ yí padà lójú mi. Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀, ìfóófò ọṣẹ la fi ń wá ibi tí gáàsì ti ń jò, ẹnu wa la fi ń fa páìpù tó bá dí, Ọlọ́run ló ń ṣọ́ wa. Nígbà tó yá, ẹ̀rọ kékeré kan dé tó ń ké píìn-píìn tó bá gbóòórùn gáàsì. Kámẹ́rà orí wáyà dé, tó ń wọ inú ẹ̀rọ lọ wo ohun tó wà níbẹ̀. Nígbà tí ìdíje bọ́ọ̀lù àgbáyé sún mọ́lé, tí gbogbo onílé ìgbàlejò fẹ́ éésì kíákíá, àwọn ọ̀dọ́ ń gbé pọ́ǹpù omi wá, wọ́n ń fọ ẹ̀rọ bí ẹni fọ mọ́tò. Mo rà nínú gbogbo rẹ̀. Èmi kì í ṣe ẹni tó ń bá ayé jà. Ṣùgbọ́n kò sí èyí tó ní imú nínú wọn.

Ẹ jẹ́ kí n wá dé ibi tí mò ń lọ.

Ní ọdún 2008, nígbà òjò, nígbà tí iná mànàmáná ń lọ tó ń bọ̀, tí gbogbo ìlú ń pariwo load shedding, ni Dàpọ̀ pè mí lórí fóònù. Ọmọ ìjọ wa ni Dàpọ̀. Ó ń ṣiṣẹ́ ọ́fíìsì ní Braamfontein, ó sì fẹ́ ọmọ Soweto kan tó ń jẹ́ Lerato. Newtown ni wọ́n ń gbé, nínú fúláàtì kan tí ariwo hóònù taxi kì í dá lábẹ́ fèrèsé rẹ̀. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bí àkọ́bí wọn, Ìbùkún. Ìyá Dàpọ̀ sì ti wá láti Iléṣà láti wá wẹ ọmọ.

Dàpọ̀ ní, "Bàbá Éésì, ẹ kú iṣẹ́ sà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá bá wa yọ éésì yẹn kúrò lára wall pátápátá. I'm tired."

Mo ní, "Ṣé kò mú ilé tutù mọ́ ni?"

"Ó ń mú ilé tutù, sà. Ilé náà ni kò tutù mọ́."

Bó ṣe ṣàlàyé fún mi nìyí. Ẹ mọ bí àwọn ìyá wa ṣe ń wẹ ọmọ: omi gbígbóná, kànìnkànìn, òróró, kí wọ́n na ọmọ lápá, kí wọ́n nà án lẹ́sẹ̀, kí wọ́n jù ú sókè, kí wọ́n hán an. Lerato kò rí irú rẹ̀ rí. Ìgbà àkọ́kọ́ tí Màmá ju ọmọ sókè, Lerato figbe ta, àwọn ará ìsàlẹ̀ wá kan ilẹ̀kùn. Kò pẹ́ sígbà náà ni ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́. Ìmí rẹ̀ ń dún hàràhàrà. Wọ́n gbé e lọ sí ọsibítù, ara rẹ̀ yá. Wọ́n gbé e délé, ó tún bẹ̀rẹ̀. Wọ́n dá a padà. Dókítà wá sọ fún wọn pé àyà ọmọ náà kò fi bẹ́ẹ̀ lágbára, ṣùgbọ́n kí wọ́n lọ yẹ yàrá tó ń sùn sí wò dáadáa, ó dà bíi pé nǹkan kan wà níbẹ̀ tó ń dà á láàmú.

Ọ̀rọ̀ gidi ni dókítà sọ, òun ló sì dá ìjà sílẹ̀. Lerato ní kò sí nǹkan míì tó yàtọ̀ nínú yàrá yẹn ju ìwẹ̀ Màmá lọ, pé omi ti wọ ọmọ òun nínú. Màmá ní éésì ni, pé òtútù ti wọ ọmọ láyà. Gẹ̀ẹ́sì Màmá kò kọjá "good morning", Yorùbá Lerato kò kọjá "ẹ káàárọ̀", Dàpọ̀ ló ń túmọ̀, ó sì ti rẹ ẹ́, ó ń gé ọ̀rọ̀ ẹnì kan kù fún ẹnì kejì. Ní ìgbẹ̀yìn, Lerato ní tí ọmọ bá kúrò ní ọsibítù, ọ̀dọ̀ ìyá òun ní Soweto ló ń lọ tààrà, àfi bí Màmá bá ti padà sí Nàìjíríà. Dàpọ̀ ti ń wá ọkọ̀ òfuurufú tí Màmá máa bá padà.

Nígbà tí mo débẹ̀, Màmá jókòó sí pálọ̀, báàgì rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ti dì í. Lerato wà lọ́sibítù lọ́dọ̀ ọmọ. Mo kí Màmá ní Ìjẹ̀ṣà wa, ojú rẹ̀ là díẹ̀.

Ó ní, "Ọmọ Ọ̀bọkún ni yín?"

Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá."

"Ẹ wá bá mi wo ayé mi. Èmi tí mo wẹ ọmọ tèmi, mo wẹ ọmọ aládùúgbò, mo wẹ ìbejì, wọ́n ní mo fi omi ba ọmọ-ọmọ mi jẹ́. Ẹ bá mi yọ ẹ̀rọ òtútù yẹn, kí wọ́n rí i pé òun ni. Tí mo bá délé báyìí, kí ni mo fẹ́ wí fún àwọn ẹgbẹ́ mi? Pé wọ́n gba ọmọ lọ́wọ́ mi?"

Àánú rẹ̀ ṣe mí dé ọkàn. Ìyá mi ló rí lójú mi.

Mo wọ yàrá. Okùn aṣọ kan gba àárín yàrá kọjá, ìlédìí àti aṣọ ọmọ tó tutù kún orí rẹ̀, torí Màmá kò gbà kí aṣọ ọmọ tuntun sùn síta. Fèrèsé tì pa. Ìró àǹkárá kan wà lẹ́nu éésì, wọ́n so ó mọ́ ọn bí gèlè. Mo tan ẹ̀rọ, mo gbé imú sí i. Òórùn káńfọ̀ ni mo gbọ́. Káńfọ̀ yẹn mọ́ tónítóní, ó ta sánsán bí inú àpótí aṣọ ìyá àgbà. Kò sí òórùn búburú kankan. Mo tún gbóòórùn rẹ̀, káńfọ̀ náà ni. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ fún Dàpọ̀ pé kò sí nǹkan tó ṣe ẹ̀rọ.

Ohùn Ọ̀gá Rájí ló dá mi dúró. Mo lọ sí ilé ìwẹ̀, mo fa omi símú, mo fín in jáde, mo tún un ṣe títí imú mi fi ń ta mí. Mo ṣí fèrèsé sílẹ̀ gbayawu. Mo jáde sí ìta, mo dúró níbi tí èéfín taxi ti ń fẹ́, kí òórùn káńfọ̀ lè kúrò nímú mi. Nígbà tí mo padà, mo yọ ìró, mo fi fáànù nìkan sí i láìsí òtútù, mo sì di ojú. Ó wá dé wẹ́rẹ́ lábẹ́ káńfọ̀ náà: òórùn aṣọ tí a rẹ sínú bàkẹ́ẹ̀tì tí a sì gbàgbé.

Mo tú ìdérí rẹ̀. Ẹ̀yin ọmọ, mo ti rí ẹ̀rọ tó dọ̀tí láyé mi, ṣùgbọ́n yàrá ọmọ tuntun nìyí. Eruku ti dí asẹ́ pa. Fáànù dúdú láti etí kan dé ìkejì. Àwo omi kún, omi rẹ̀ ń yọ̀ bí ilá. Lẹ́yìn asẹ́ ni mo sì ti rí aṣọ kékeré kan tí wọ́n di káńfọ̀ sínú rẹ̀, tí wọ́n so ó mọ́ra dáadáa. Mo mọ ọwọ́ tó so ó. Bí ìyá mi ṣe ń so tirẹ̀ nìyẹn.

Kò sẹ́ni tó rí mi. Dàpọ̀ wà lórí fóònù, Màmá wà ní pálọ̀. Bí mo bá ju káńfọ̀ yẹn sápò, éésì nìkan ló máa jẹ̀bi. Màmá á ní, "Ẹ rí i, mo sọ bẹ́ẹ̀," á sì yọ aṣọ nínú báàgì. Ọwọ́ mi ti dé ẹnu àpò. Ṣùgbọ́n mo rò ó. Tí wọ́n bá ra ẹ̀rọ míì, òtútù á tún ba Màmá lẹ́rù, á tún fi ìró dì í lẹ́nu, omi á tún dúró, káńfọ̀ á sì tún bo òórùn tó yẹ kó kìlọ̀ fún wọn. Ọmọ náà ló máa san án. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Mo dá káńfọ̀ padà síbi tí mo ti bá a. Mo sọ fún Dàpọ̀ pé mi ò ní yọ nǹkan kan, mi ò sì ní fọ nǹkan kan, àfi tí ìyàwó rẹ̀ bá wà níbẹ̀. Ojú lọ̀rọ̀ wà.

Lọ́jọ́ kejì, lọ́sàn-án, ìyá Lerato dúró ti ọmọ lọ́sibítù, Lerato sì wá sílé. Ó wọlé láì wo apá ibi tí báàgì Màmá wà. Ó fi Gẹ̀ẹ́sì bi mí pé, "Eish, Baba, ṣé torí aircon lẹ ṣe pè mí kúrò lọ́dọ̀ ọmọ mi?"

Mo ní, "Torí ọmọ rẹ ni, Lerato. Dàpọ̀, ohun tí a bá sọ nínú yàrá yìí, túmọ̀ gbogbo rẹ̀. Má gé e kù fún ẹnikẹ́ni."

Mo gun àga, mo ṣí ẹ̀rọ. Mo yọ áńkáṣíìfù funfun tí ọ̀gá mi fún mi, mo fi nu fáànù náà lẹ́ẹ̀kan péré, mo na án sí wọn. Ó dúdú bí ìdí ìkòkò. Lerato fọwọ́ bo ẹnu. Màmá ní, "Yé! Ṣé ohun tí ọmọ yẹn ń fà símú nìyí?"

Lẹ́yìn náà mo yọ asẹ́, káńfọ̀ sì hàn. Mi ò wo Màmá, ilẹ̀ ni mò ń wò.

Màmá ló kọ́kọ́ fọhùn. Ó ní, "Èmi ni mo fi síbẹ̀. Yàrá náà ń rùn, mo fẹ́ kó máa ta sánsán fún ọmọ. Èmi náà ni mo fi ìró dí ẹnu ẹ̀rọ. Tí wọ́n bá ti jáde, mo máa ń pa á. Dàpọ̀, sọ fún un. Sọ fún un bí mo ṣe sọ ọ́."

Dàpọ̀ túmọ̀ rẹ̀. Ojú Lerato yí padà. Ó ní, "So it was her."

Mo ní, "Rárá o. Ọ̀rọ̀ ò tíì tán. Dàpọ̀, ìwọ wá sójú fèrèsé." Ní ìta, ẹnu páìpù omi wà nínú ìgò ńlá kan. Ìgò náà kún dẹ́nu, omi kò ríbi lọ mọ́, ó sì ti ń padà sínú ẹ̀rọ. Mo ní, "Ta ló gbé èyí síbẹ̀?"

Dàpọ̀ fọwọ́ họ orí. "Àwọn ará ìsàlẹ̀ ló ní omi ń kán sí wọn lórí, sà. Mo ní màá máa dà á nù. Mo gbàgbé."

"Fèrèsé ńkọ́? Ta ló ń tì í?"

Lerato rọra ní, "Me. The taxis. Baby can't sleep." Ó sọ fún wa pé tí òun bá ti wọlé, òun á fi ẹ̀rọ náà sí ibi tó tutù jù, tí iná bá sì lọ, ó máa ń dúró bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú omi nínú rẹ̀.

Mo ní, "Ó dáa. Ẹnì kan ń tàn án, ẹnì kan ń pa á, ẹnì kan dí ọ̀nà omi ẹ̀, iná ìlú náà sì ń ṣe tiẹ̀. Aṣọ tútù wà lórí okùn, ooru omi ìwẹ̀ wà nínú afẹ́fẹ́, kò sí fèrèsé tó ṣí. Àìrìnpọ̀ ejò ló ń jẹ wọ́n níyà. Ẹ̀yin mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lẹ fẹ́ràn ọmọ yìí, ẹnì kan kò sì bá ẹnì kejì sọ̀rọ̀."

Dàpọ̀ túmọ̀ rẹ̀, kò gé e kù. Màmá jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, ó ń sunkún láìpariwo. Lerato wò ó pẹ́, ó bọ́ síta, ó padà sí ọsibítù.

Mo fọ ẹ̀rọ náà bí ẹni wẹ òkú ọlọ́lá. Mo dí imú mi, mo kó aṣọ àti bẹ́ẹ̀dì ọmọ kúrò, mo ti ilẹ̀kùn yàrá sẹ́yìn kí ohun tó bu má baà fò lọ sí pálọ̀. Mo yọ fáànù lódindi, mo fi ọṣẹ àti omi gbígbóná fọ̀ ọ́, mo fọ irin tẹ́ẹ́rẹ́ wọ̀nyẹn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, mo fín páìpù títí omi fi ń jáde wàà. Màmá dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń wò mí. Mo pè é, mo ní kó wá kọ́ ọ. Bí a ṣe ń mọ̀ ọ́n: imú ní àkọ́kọ́, àmì dúdú lẹ́nu ibi tí atẹ́gùn ti ń jáde, omi tó ń kán sínú ilé dípò ìta, àti ikọ́ tó ń dẹwọ́ tí a bá jáde tó sì ń padà tí a bá wọlé. Bí a ṣe ń dènà rẹ̀ kò le: kí a máa fọ asẹ́ kó tó dọ̀tí, kí a jẹ́ kí omi rọ́nà lọ, kí a fi fáànù nìkan sí i fún ìgbà díẹ̀ kí a tó pa á, kí inú rẹ̀ lè gbẹ, kí a má so aṣọ tútù sínú yàrá, kí a sì máa ṣí fèrèsé. Kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò. Ní ti òtútù tó ń bà á lẹ́rù, mo yí ẹnu ẹ̀rọ náà sókè kó má kọjú sí ọmọ.

Màmá ní, "Ṣé ẹ̀rọ náà ń fẹ́ ìwẹ̀ ni?"

Mo ní, "Bí ọmọ ni."

Ó ní, "Kí ló dé tí ẹnikẹ́ni ò sọ fún mi? Ìwẹ̀ ni iṣẹ́ mi."

Ọjọ́ tí wọ́n gbé Ìbùkún dé, mo lọ wo ẹ̀rọ náà. Ọmọ ń mí jẹ́jẹ́. Màmá jókòó ní kọ̀rọ̀ pálọ̀, báàgì rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀, ó ká ọwọ́ méjèèjì sórí ẹsẹ̀. Ó kí ọmọ láti ọ̀ọ́kán, kò na ọwọ́ sí i. Èèyàn kì í mọ̀ ọ́n rìn kí orí rẹ̀ má mì, mo sọ ọ́ fún un. Lerato gbé ọmọ wọ inú ilé ìwẹ̀. A gbọ́ tó ń ṣí fèrèsé ibẹ̀, a gbọ́ omi tó ń dà. Nígbà tó yá ó jáde, ó dúró níwájú ìyá ọkọ rẹ̀, ó kúnlẹ̀ bó ṣe máa ń rí i tí àwọn obìnrin ìjọ wa ń ṣe. Ó sọ ọ́ ní Yorùbá, bó ṣe wù kó wọ́ tó: "Màmá, omi ti gbóná."

Màmá dìde. Báàgì yẹn wà ní kọ̀rọ̀ títí àkókò tó ti dá tẹ́lẹ̀ láti padà sílé fi pé, ẹsẹ̀ ló kàn ń gbé lé e.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ ti bi mí pé èwo ni iṣẹ́ tó kẹ́yìn tí mo ṣe. Ní òpin ọdún yìí ni, orúnkún mi ti ní kí n jókòó. Lerato ló pè mí. Ó ti bí obìnrin, òun fúnra rẹ̀ ló sì ní kí wọ́n lọ mú Màmá wá. Ó ní, "Baba, Màmá ń bọ̀ ní Saturday. Please, ẹ wá wẹ aircon kó tó dé." Mo ní mo ti fi iṣẹ́ sílẹ̀. Ó ní, "Shap, ẹ wá kí wa nígbà yẹn, kí ẹ mú irinṣẹ́ yín dání."

Mo lọ. Mo wẹ̀ ẹ́, mo sì dúró dé Màmá. Nígbà tó wọlé, Ìbùkún sáré pàdé rẹ̀, ó ń pariwo "Grandma! Grandma!" Màmá dì mọ́ ọn, ṣùgbọ́n kò tíì wá gbé ọmọ tuntun. Ó lọ sídìí omi, ó fa omi símú, ó fín in jáde. Ó wọ yàrá, ó gun àga, ó gbé imú sẹ́nu éésì, ó di ojú. Ó na ọwọ́ sí mi láì wẹ̀yìn. Mo mọ ohun tó ń bèèrè. Mo fi áńkáṣíìfù Ọ̀gá Rájí lé e lọ́wọ́, ó fi nu inú ẹ̀rọ, ó gbé e síbi ìmọ́lẹ̀. Ó funfun.

Ó ká a, ó fi í sí àyà, kò dá a padà fún mi mọ́. Ó sọ̀ kalẹ̀, ó tú gèlè rẹ̀, ó fa àpótí ìjókòó kékeré sún mọ́ra, ó na ẹsẹ̀ méjèèjì síwájú.

Ó ní, "Lerato, gbé ọmọ mi wá."

Lerato gbé e lé e lẹ́sẹ̀, ó sì lọ ṣí fèrèsé.